Kí Ẹ Tó Pín Ìrẹsì Ọdún: Ìtọ́sọ́nà fún Agbanisíṣẹ́ Tó Fẹ́ Kí Òṣìṣẹ́ Dúró Tì Í

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, ilé búrẹ́dì tí mo ń bójú tó ìwé owó rẹ̀ n'Ìbàdàn ra àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n fi òróró ìgò kan lé e, a sì ya fọ́tò. Kí oṣù Kìíní tó parí, mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá tó wà nínú fọ́tò náà ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni tó mọ iye omi tí ìyẹ̀fun ń gbà nígbà ọyẹ́ láìwo ìwé kankan. Ọ̀gá wa bínú gan-an, ó ní aláìmoore ni wọ́n. Èmi tí ìwé owó wà lọ́wọ́ mi mọ̀ pé nígbà tí a ń pín ìrẹsì náà, owó oṣù Kẹwàá kò tíì pé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, a kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san ti oṣù Kọkànlá rárá.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní òṣìṣẹ́ bíi márùn-ún sí àádọ́ta: onílé búrẹ́dì, onílé ìtẹ̀wé, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Òfin Nàìjíríà ni mo ń tọ́ka sí. Ohun tí mo rí ni pé òṣìṣẹ́ kì í fọkàn sin ilé iṣẹ́ nítorí oore tí ọ̀gá ṣe fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ohun tó ń mú un dúró ni pé ó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ṣètò oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ ni mo fi ṣáájú nínú àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, oore ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fi oore dí ihò tí ẹ̀tọ́ fi sílẹ̀ yóò náwó púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tẹ ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka àwọn tó ti lọ

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ kọ iye oṣù tí oníkálukú lò lọ́dọ̀ yín, ìdí tó sọ pé òun fi ń lọ, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìgbà tó lọ.

Ẹ má gbára lé ìdí tí wọ́n sọ. Ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá tó wo ojú àgbà kó sọ fún un pé ẹ rẹ́ mi jẹ. "Ìyá mi ní kí n máa bọ̀ nílé" tàbí "mo fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́" ni yóò sọ, yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò sì lọ. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ wá ní kí ẹnìkan tí kì í ṣe ọ̀gá, tí òun àti ẹni náà sì mọwọ́ ara wọn, pè é lórí fóònù kó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni à bá ti ṣe tí ẹ kò fi ní lọ?" Kò gbọdọ̀ jiyàn, kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, kó gbọ́ ọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni méje ni mo pè nígbà náà. Ẹyọ ẹnìkan péré ló ní owó oṣù òun kéré jù. Márùn-ún ni kò sọ bóyá owó oṣù kéré tàbí ó pọ̀. Owó tí a ń yọ nínú owó oṣù wọn àti ọjọ́ tí owó náà ń wọlé ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Ẹni keje ti wà ní Kánádà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí a lè ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó fẹ́ jápa yóò jápa, bí ẹ tilẹ̀ ń fi wúrà san owó rẹ̀. Ẹ má ṣe ka tirẹ̀ mọ́ ẹ̀bi yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò ohun tí lílọ ẹnìkan ná yín. Ẹni tó rọ́pò ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun wa da omi bíi ti ìgbà òjò sí ìyẹ̀fun tí ọyẹ́ ti gbẹ háúháú. Búrẹ́dì le, ó ń rún lójú ọ̀bẹ, àwọn oníbàárà sì ń dá a padà. Nígbà tí mo ro owó búrẹ́dì tó bàjẹ́ pọ̀ mọ́ owó ẹni tó ń bá a ṣe òru láti kọ́ ọ níṣẹ́, ó ju owó oṣù méjì ọkùnrin tó lọ náà. Bẹ́ẹ̀ oṣù kan àtààbọ̀ péré ni a jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè

Òfin Iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004 sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ṣáájú sọ. Ojú ewé kan tó o. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́ jù, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ kà á sókè níwájú rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan sì bá a lọ sílé.

Ohun tó yẹ kí ẹ tún fi kún un ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò ra aṣọ iṣẹ́? Bí mọ́tò kò bá sí lóru, ta ni yóò gbé òṣìṣẹ́ délé? Bí ọjọ́ ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn oníbàárà ń pọ̀, báwo ni a ó ṣe san án? Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró kò kọ ìwé, ṣùgbọ́n oníkálukú mọ ọjọ́ tí oko tirẹ̀ kàn, ẹni tó bá sì jẹ iṣẹ́ àáró tí kò san án padà, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́. Ìlú ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ìwé ló dúró ní ipò abúlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú ọjọ́ owó oṣù, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́

Bí ẹ kò bá ní ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe èyí. Lójú òfin, ní kété tí oṣù bá ti parí ni owó oṣù ti di gbèsè lọ́rùn agbanisíṣẹ́, owó gidi ni ó sì gbọ́dọ̀ fi san án, kì í ṣe ọjà. Nígbà kan, a máa ń san díẹ̀ nínú owó oṣù ní búrẹ́dì. Òṣìṣẹ́ a gbé ogún búrẹ́dì délé, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá wa díje lójú ọjà wa. Ẹ̀tàn ni, kò sì bófin mu.

Bí ẹ ṣe lè mú ọjọ́ náà ṣẹ nìyí. Ẹ ṣí àkáǹtì kan sí báńkì fún owó oṣù nìkan, kí ẹ má fi ra ìyẹ̀fun, kí ẹ má fi ra epo ẹ̀rọ amúnáwá. Ká ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ẹ ní, tí oníkálukú ń gba ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦880,000. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, tí ẹ ń fi ₦34,000 sínú àkáǹtì yìí ní alaalẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó ọjà, yóò ti di ₦884,000 kí oṣù tó parí. Bí ọjà ọjọ́ kan kò bá tó o fi ₦34,000 sílẹ̀, ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé wàhálà ń bọ̀, ẹ kò ní dúró di ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ń wo fóònù wọn pé bóyá álátì ti wọlé.

Ní ti iye owó, òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 2024 ló gbé owó oṣù tó kéré jù láti ₦30,000 lọ sí ₦70,000. Òfin owó oṣù tó kéré jù náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì di gbólóhùn yìí mú bí ẹni di okùn mú nínú odò. Ẹ rántí pé ẹni tó ń ta gààrí kò ní béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà níbi iṣẹ́ yín kó tó sọ iye tí ó ń tà á. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó mọ́tò nìkan ti ń jẹ ẹ̀ka ńlá nínú owó oṣù ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà. Ẹ jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè iye tó fi ń wọ mọ́tò lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fi owó kún un, ó lè ṣeé ṣe kí ẹ to iṣẹ́ rẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́rin gígùn dípò ọjọ́ mẹ́fà kúkúrú, kó lè yọ nínú owó mọ́tò ọjọ́ méjì. A ṣe èyí fún àwọn obìnrin méjì tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Àwọn méjèèjì kò béèrè owó fún odidi ọdún kan.

Bí owó kò bá wá sí ńkọ́? Yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ dá ọjọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjọ́ kejìdínlógún la wà yìí. Àwọn oníbàárà ńlá méjì kò tíì sanwó. Bí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n bá pé, ìdajì ni mo máa lè san. Ìdajì yòókù yóò wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Èmi náà kò ní mú kọ́bọ̀ kí tiyín tó pé." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa gbọ́ jù, òun náà sì ni wọ́n máa ṣọ́ jù. Mo mọ ọ̀gá kan tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó oṣù méjì, tó wá ṣe òkú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí, kánópì ogún, àti olórin ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ló gbé oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji: lábẹ́ kánópì náà gan-an ni mo ti gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń fi òwe yìí ṣe orin sábẹ́ ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dẹ́kun yíyọ owó bó ṣe wù yín

Ní ilé búrẹ́dì wa, ìwé àjákọ kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Máníjà ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Mo ṣí i ní ọjọ́ kan ní 2016, mo rí orúkọ ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò: "búrẹ́dì jó, méjìlá", "pẹ́ dé", "pẹ́ dé", "búrẹ́dì jó, ogún", "ó fèsì". Ó fèsì! Owó wà lórí ìyẹn náà. Nígbà tí mo ro ó pọ̀, ₦7,400 ni wọ́n fẹ́ yọ nínú owó oṣù tó jẹ́ ₦18,000.

Òfin Iṣẹ́ kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí rárá, kódà bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i nínú àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ ni, tàbí àìbìkítà rẹ̀ ló fa àdánù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Àpapọ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦18,000 jẹ́ ₦6,000. Nítorí náà, ká tilẹ̀ ní gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìṣó náà bófin mu, àpapọ̀ rẹ̀ ti rú òfin.

Ohun tí ẹ máa ṣe dípò rẹ̀ ni pé kí ẹ wá orísun àṣìṣe náà. Mo bi ọmọkùnrin náà ìdí tí búrẹ́dì fi ń jó. Ó mú mi dé ìdí ààrò, ó fi ìka han dáyà tó ń wọn ooru, ọwọ́ dáyà náà dúró gbọin sí ojú kan, kò lọ, kò bọ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti kú. Ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n ń dà sínú ààrò, tí wọ́n ń wo bó ṣe yá tó kó tó pọ́n, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti tó gbé búrẹ́dì sí i. A ra dáyà tuntun. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí a yọ lọ́wọ́ ọmọ náà ní oṣù kan.

Fún owó ọjà tó ń dín, ohun tí àwọn ọmọ ìtajà ń pè ní ṣọ́tééjì, ẹ rí i dájú pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kan àpótí owó kan, kí ẹni tó ń gbà á àti ẹni tó ń fi sílẹ̀ jọ kà á, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ kò lè di ẹ̀bi ru ẹnìkan lórí àpótí tí ènìyàn mẹ́rin ń ki ọwọ́ bọ̀, tí ọmọ ọ̀gá sì ń wá bu nínú rẹ̀ lọ ra káàdì fóònù. Fún ẹni tó ń pẹ́ dé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ fún un ní kúẹ̀rì, kí ẹ sì ka èsì rẹ̀ dáadáa. Ẹ lè rí i pé mọ́tò àkọ́kọ́ ládùúgbò rẹ̀ kì í gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí ìwé ìṣó ṣì wà, búrẹ́dì tó bá jó máa ń gba orí ògiri bọ́ sẹ́yìn ọgbà, ewúrẹ́ àdúgbò sì sanra. Kò sí ẹni tó ń sọ òótọ́ fún máníjà. Oṣù kejì tí a já ìwé náà sọnù ni ọmọkùnrin ìdí ààrò wá fúnra rẹ̀ láago mẹ́ta òru, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, páànù méjì ti jó, ẹ jẹ́ ká dín iná kù kí ìyókù má bàa bá a lọ." Gbogbo ohun tí ọ̀gá ń wá nígbà tó bá ń pariwo pé òṣìṣẹ́ òun kò fọkàn ṣiṣẹ́ ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìsinmi, àìsàn, ìbímọ

Ibí yìí kò gùn, nítorí òfin ti ka ọjọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ yẹ fún ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ọjọ́ kan nínú méje jẹ́ tirẹ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún gbáko. Bó bá pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni yóò fi sinmi tí owó rẹ̀ yóò sì pé, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi owó ra ìsinmi náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ṣàìsàn tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ẹ ó san owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún. Obìnrin tó lóyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, owó rẹ̀ lásìkò náà kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Bó bá padà dé, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ wà fún un láti fún ọmọ lọ́mú.

Ohun tó kéré jù lójú òfin ni ìwọ̀nyí. Bí agbára bá wà, ẹ san owó obìnrin náà pé. Mo ti rí i pé gbogbo obìnrin tó wà níbi iṣẹ́, àti èyí tí kò tíì lọ́kọ pàápàá, ló ń wo bí ẹ ṣe ṣe sí ẹni àkọ́kọ́ tó bímọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ewu iṣẹ́ àti ọjọ́ ogbó

Òfin tó ń mójú tó owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù sínú àpò tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ń bójú tó, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Bí àpapọ̀ owó oṣù yín bá jẹ́ ₦880,000, ₦8,800 ni. Ẹ san án, ṣùgbọ́n kí ẹ tó san án, ẹ wo ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Apá àwọn tó ń kó páànù jáde nínú ààrò wa kún fún àpá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, bí ilà, nítorí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fi ń di páànù gbígbóná mú. Ìbọ̀wọ́ gígùn ló ń jẹ́ ìtọ́jú òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin 2014 de ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbanisíṣẹ́ yóò mú ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wá, òṣìṣẹ́ yóò mú ìdá mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ ni yóò sì yan ilé iṣẹ́ tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ san owó oṣù. Òfin kan náà ní kí ẹ ra ìwé adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ yóò tó owó ọdún mẹ́ta rẹ̀. Ìwà tó burú jù níbí ni kí ọ̀gá yọ ìdá mẹ́jọ òṣìṣẹ́ kó má sì fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, olè ni, bó ti wù kí ọ̀gá náà máa gbàdúrà tó.

Bí òṣìṣẹ́ yín kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì fi díẹ̀ sí i lóṣooṣù. Kí àwọn fúnra wọn yan akápò. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ yá nínú rẹ̀ láéláé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ ẹnu yín, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ "ẹbí"

"Ẹbí kan náà ni wá níbí." Kò sí ọ̀gá Yorùbá tí kì í sọ ọ́, bí òṣìṣẹ́ bá sì ti gbọ́ ọ, ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń bọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí òṣìṣẹ́ máa pè yín ní Dádì tàbí Mọ́mì, kí ẹ̀yin náà máa pè é ní ọmọ mi. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ń jẹun nílé ẹni, ó sì ní ìpín nínú ogún. Bí ẹ kò bá ní fún un ní ìpín, ẹ san owó wákàtí tó fi kún iṣẹ́.

Èébú, ìgbátí, ìkúnlẹ̀ níwájú oníbàárà, ọwọ́ tí ọ̀gá ọkùnrin ń fi kan ara ọmọbìnrin tó ń tajà: Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ ní 2022, kò sì yẹ kó gba àdéhùn àgbáyé kí ènìyàn tó mọ̀. Ẹ yan ẹni méjì tí òṣìṣẹ́ lè sọ ẹjọ́ fún, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ẹnìkankan nínú wọn má sì jẹ́ ìbátan ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pe ìpàdé tí kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Kí ẹni tó kéré jù lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, "bí wọ́n ṣe wí náà ni" ni àwọn yòókù yóò máa sọ. Ẹ yanjú ohun kan nínú ohun tí wọ́n bá sọ kí ìpàdé mìíràn tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ gílóòbù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásán.

Bí àyè ìgbéga bá sì ṣí sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá tó dé lánàá tó di máníjà lónìí ti lé òṣìṣẹ́ rere lọ ju owó kékeré lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jẹ́ kí ìpínyà dára

Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì yẹ fún ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dá a dúró; ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá di dandan kí ẹ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún aṣojú wọn, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ọ́ṣe àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé bá sọ ohun mìíràn. Ẹ san gbogbo owó tó kù ní ọjọ́ tó bá ń lọ, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀rí fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn tó kù ń wò yín. Ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹni tó ń lọ ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń dúró de àwọn náà.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà, kí ẹ má sì pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ẹ máa ka àwọn nǹkan mìíràn: ọjọ́ mélòó ni àwọn ènìyàn kò wá síbi iṣẹ́ lóṣù? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló kọ́kọ́ sọ, ìgbà wo ló sì sọ ọ́? Bí ẹ bá ń wá òṣìṣẹ́, ṣé àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín ń mú àbúrò wọn wá, àbí wọ́n ń dákẹ́? Kò sí ẹni tó ń mú ọmọ ìyá rẹ̀ wá sínú ìyà.

Ní tiwa, ó tó ọdún kan kí ọ̀gá tó san oṣù kan àtààbọ̀ tí a jẹ ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun. Èmi ni mo gbé owó náà lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ní Mọ́níyà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí mo mú lọ. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí ìyẹ̀fun tún bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́, aago méjì òru ni a pè é. Ó gbé fóònù náà, ó ní ká fi ike omi kan àtààbọ̀ kún ti àtẹ̀yìnwá, ká má da á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ká sì bo ìyẹ̀fun náà nítorí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá àyè ṣì wà fún àbúrò òun.